Ìbéèrè Yín Nílé Ìdáná: Bao Aládùn, Ṣáínà Lóde, Sípéènì Nínú

Láti ìgbà tí mo ti sọ ọ́ lójú ewé yìí pé ilé ìdáná àwọn ará Ṣáínà kan ní Usera, ní ìlú Madrid, ni mo ti kọ́ṣẹ́ bao, lẹ́tà kò dáwọ́ dúró mọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀ lábẹ́ ìyá àgbà kan tó ti Qingtian wá, ní ẹkùn Zhejiang, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ará Ṣáínà tó ń gbé Sípéènì ti ṣẹ̀ wá. Ìyá yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá ṣe é tó dáa, á mú ọ̀kan jẹ. Bí kò bá dáa, á kàn fi ìka tẹ̀ ẹ́, á sì kọjá lọ. Ìka yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́.

Fún ẹni tí kò tíì jẹ ẹ́ rí: bao jẹ́ búrẹ́dì tí a kì í yan. Ooru omi la fi ń sè é nínú agbọ̀n ọparun, tí á fi funfun, tí á sì rọ̀ bí òwú. Ẹran lè wà nínú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ nǹkan dídùn. Ohun dídùn ni gbogbo ẹni tó kọ̀wé lọ́tẹ̀ yìí ń béèrè, adùn Sípéènì sì ni wọ́n fẹ́ kì sínú rẹ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo jẹ crema catalana nígbà tí mo lọ sí Barcelona, ó sì wù mí kí n kì í sínú bao. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú. Ó ń ṣàn jáde kí n tó dì í tán. Bí mo bá sì rí ọ̀kan dì, á bẹ́ lórí iná. Ibo ni mo ti ṣì í? — Ìyá Ìbejì*

Ìyá Ìbejì, ọwọ́ yín mọ́. Inú àwo amọ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ń da crema catalana sí, ṣíbí ni wọ́n sì fi ń bù ú jẹ. Kò sí ìdí tó fi máa dá dúró fúnra rẹ̀. Pupa ẹyin, mílíìkì, ṣúgà, èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù, igi sínámọ́nì àti sítáàṣì díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bó bá ti tutù, wọ́n á wọ́n ṣúgà sójú rẹ̀, wọ́n á fi irin gbígbóná jó o títí á fi le bíi gíláàsì. Ọjọ́ 19 oṣù kẹta, ọjọ́ Jósẹ́fù Mímọ́, ni àwọn ará Catalonia máa ń jẹ ẹ́ jù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n tún fi ń pè é ní crema de Sant Josep.

Kó tó lè wọ inú bao, ó gbọ́dọ̀ hùwà bíi ti kọ́sítáàdì inú nai huang bao, bao aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn ará Guangdong àti Hong Kong ń jẹ: kó le bó bá tutù, kó rọ̀ bó bá gbóná. Òṣùwọ̀n tí mo ń lò fún bao 12 nìyí. Ẹ gbé mílíìkì ọlọ́ràá 200 mìlílítà ka iná pẹ̀lú èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù kan àti igi sínámọ́nì kan. Awọ ìyeyè lẹ́mọ́ọ̀nù nìkan ni kẹ́ ẹ bó, torí funfun abẹ́ rẹ̀ korò. Bó bá ti fẹ́ hó, ẹ pa iná, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 20, kẹ́ ẹ wá sẹ́ ẹ. Ẹ lu pupa ẹyin 3 mọ́ ṣúgà 60 gíráàmù àti sítáàṣì àgbàdo 25 gíráàmù, ẹ máa da mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tó dá gbogbo rẹ̀ padà sórí iná kékeré.

Láti ibí yìí, ẹ má ṣe gbójú kúrò. Níbẹ̀rẹ̀, bí omi lásán ló máa rí, ẹ ó rò pé kò ní í ki láéláé. Lójijì, ìdí ìkòkò á bẹ̀rẹ̀ sí í di ṣíbí mú. Ẹ rò ó kíkankíkan, ẹ jẹ́ kó hó pọ́kọ́pọ́kọ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí sítáàṣì lè jinná. Bẹ́ ẹ bá fi ṣíbí fa ilà sí ìdí ìkòkò, tí ilà náà sì dúró díẹ̀ kó tó padé, ó ti tó. Ẹ po bọ́tà 20 gíráàmù mọ́ ọn, ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo, ẹ fi náílọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ kó má bàa ní awọ, kó sì sùn mọ́jú nínú fíríìjì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ bù ú ní 25 gíráàmù-gíráàmù, ẹ ṣù ú róbótó, kẹ́ ẹ tún gbé e sínú fìrísà fún wákàtí kan. Ohun tó le bí òkúta kékeré lẹ ó máa dì nígbà náà. Kò ní rí àyè ṣàn.

Ṣúgà jíjó yẹn wá ńkọ́? Lójú tèmi, òun gan-an ni crema catalana. Láìsí i, kọ́sítáàdì lásán lẹ jẹ. Ṣùgbọ́n kò ṣeé jó sójú bao, torí ooru omi á yọ́ ọ dànù. Ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀nà rẹ̀. Mo yọ́ ṣúgà 50 gíráàmù nínú páànù gbígbẹ títí ó fi pọ́n bí oyin dúdú, mo dà á sórí bébà tí mo ti fi òróró pa, nígbà tó gan, mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Mo wá ki ẹyọ kan, tí kò ju èékánná lọ, sí àárín ṣùù kọ́sítáàdì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo la bao àkọ́kọ́, ṣúgà náà ti yọ́: adágún omi kékeré kan ló wà láàárín ìyeyè yẹn, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó korò díẹ̀ lábẹ́ adùn rẹ̀, ó sì ń ṣàn lọ sí etí funfun bao. Ìyá àgbà mú ọ̀kan jẹ, ó tún mú èkejì.

Ẹ tún wo igi sínámọ́nì yín dáadáa. Èyí tí àwọn ará Ṣáínà fi ń se ẹran nípọn, ó le, ẹyọ awọ kan ló ká. Ó máa bo lẹ́mọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò fún oúnjẹ dídùn ní Sípéènì fẹ́lẹ́, ó ká lé ara wọn bí ewé tábà, ẹ sì lè fi ọwọ́ rún un. Òun ni kẹ́ ẹ lò.

*Àǹtí, ẹ gbà mí. Wákàtí méjì ni mo fi ń jẹ́ kí bao mi wú, mo ń fi béékìn páódà sí i, iná tó le ni mo sì fi ń sè é. Ó máa ń wú rẹ̀kẹ̀tẹ̀ lórí iná, àmọ́ bí mo bá ti ṣí ìkòkò báyìí, ojú ẹ̀ á hun jọ, á sì wó. Nígbà mìíràn ó tún máa ń ní àmì ìyeyè wínníwínní lára. Mo ti fi sáfúrónì àti oje ọsàn po ìyẹ̀fun náà kó lè jọ ti Sípéènì. Àbí ìyẹn ló fà á? — Alásè Tuntun*

Ọmọ mi, ẹ yọ sáfúrónì àti oje ọsàn kúrò nínú ìyẹ̀fun. Mi ò bínú sí wọn o, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n wà kọ́ ló yẹ kí wọ́n wà. Ohun tí mo dì mú ṣinṣin lórí ọ̀rọ̀ bao aládàlù yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ará Ṣáínà ni kí ìyẹ̀fun jẹ́ látòkè délẹ̀, ikùn rẹ̀ ni kí Sípéènì wà. Ìyẹ̀fun bao kò ní ju adùn àlìkámà àti ṣúgà díẹ̀ lọ, torí náà ni ohunkóhun tẹ́ ẹ bá kì sínú rẹ̀ ṣe máa ń dún ketekete lẹ́nu. Bẹ́ ẹ bá ti fi òórùn kún òde, tẹ́ ẹ tún fi kún inú, wọ́n á máa bá ara wọn jà.

Fúláwà 300 gíráàmù, èyí tí kò lágbára, irú tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì. Mílíìkì lílọ́wọ́ọ́wọ́ 150 mìlílítà, ṣúgà 30 gíráàmù, yíìsì 3 gíráàmù, òróró tàbí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ 10 gíráàmù. Ẹ fi ọwọ́ pò ó fún bí ìṣẹ́jú 10 títí tí ojú rẹ̀ á fi dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun, ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ wá pín in sí 12. Bẹ́ ẹ bá ń fi igi yí i, etí rẹ̀ ni kó fẹ́lẹ́; kí àárín nípọn jù ú lọ, torí etí la ó kó jọ, bí gbogbo rẹ̀ bá sì nípọn bákan náà, ìdí á ki bí òkò, orí á sì fẹ́lẹ́ débi tí yóò fi bẹ́. Ẹ kó etí jọ, ẹ fún un pọ̀ dáadáa, ẹ yí ojú ibi tẹ́ ẹ ti fún un sísàlẹ̀. Bao ẹlẹ́ran ló máa ń fi ìṣẹ́po rẹ̀ hàn lókè. Aládùn bíi ti kọ́sítáàdì, róbótó tó ń dán ni wọ́n máa ń fi sójú, ẹni tó bá fẹ́ jẹun á ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó bù ú.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ wíwó. Ohun mẹ́ta ni mo rí nínú lẹ́tà yín. Àkọ́kọ́, ẹ sọ pé wákàtí méjì lẹ fi ń jẹ́ kó wú. Ó ti pọ̀ jù. Ìṣẹ́jú 30 sí 40 níbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ti tó. Kò pọn dandan kó di ìlọ́po méjì. Ẹ gbé ọ̀kan sọ́wọ́: á ti fúyẹ́ ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́: bó bá padà wá díẹ̀díẹ̀, ẹ gbé e kaná. Bí kò bá padà wá mọ́, ó ti kọjá, kò sì ní lágbára tó máa fi gbé ara rẹ̀ dúró bí ooru bá kúrò lára rẹ̀. Èkejì, iná yín ti le jù. Iná àárín, omi tó ń hó láìbínú, ìṣẹ́jú 12. Ẹ̀kẹta, ọwọ́ yín yá jù nídìí ọmọrí.

Èyí tó kẹ́yìn yìí, mo mọ̀ ọ́n dénú egungun. Oṣù kejì mi nílé ìdáná yẹn, ìpalẹ̀mọ́ ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà là ń ṣe, bao 48 ló wà lórí iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkánjú mú mi, mo ṣí ọmọrí gbà láìtíì pa iná. Atẹ́gùn òtútù kọlu gbogbo wọn. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe rọlẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà wá, ó fi ìka tẹ ọ̀kan, ó kọjá lọ, mo sì lọ sunkún lẹ́yìn àpò fúláwà. Nígbà tí mo padà dé, ó ti ń po òmíràn. Ó wá di ọwọ́ mi mú lórí ọmọrí tuntun náà: a pa iná, a dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta, a fa ọmọrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó ṣí sílẹ̀ bí ìbú ìka kan, a tún dúró díẹ̀, a wá ṣí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyẹ̀fun wà lára ohun tí wọ́n ń bá wí nínú òwe yẹn.

Bó bá jẹ́ ọmọrí irin lẹ ní, ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e, nítorí omi tó ń kán láti orí rẹ̀ ló ń dá egbò sójú bao. Ọparun máa ń fa omi mu fúnra rẹ̀. Àmì ìyeyè yẹn, béékìn páódà tí kò yọ́ dáadáa ló fà á. Ẹ jọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ fúláwà, tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò bíi tèmi.

*Ṣé mo lè yan án nínú ààrò, nítorí mi ò ní agbọ̀n ọparun? — Olùkà*

Rárá o, á di búrẹ́dì, awọ rẹ̀ á pọ́n, á sì le. Ẹ fi àwo kékeré mẹ́ta tàbí irin tó ga gbé àwo pẹrẹsẹ kan sókè omi nínú ìkòkò ńlá, ẹ gé bébà sí abẹ́ bao kọ̀ọ̀kan, ẹ dé e. Ohun tí agbọ̀n ń ṣe náà nìyẹn.

*Ọmọ mi, mo kí ọ. Mo ti pé ẹni ọdún 71, turrón, adùn álímọ́ńdì àti oyin yẹn, ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí ọmọ mi ń mú bọ̀ láti Alicante ní Sípéènì, ṣùgbọ́n eyín mi kò gbà á mọ́. Ìyàwó mi ní á gbọ́dọ̀ rọ̀ bó bá wọ inú bao. Òótọ́ ni? — Bàbá Àgbà*

Bàbá, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ìyá rí i dáadáa, ṣùgbọ́n ó kù síbi turrón wo ni. Méjì ni wọ́n. Ti Alicante ni èyí tó le, tí odidi álímọ́ńdì wà nínú rẹ̀. Òun ló ń bá eyín jà, bẹ́ ẹ bá sì sè é nínú bao, odidi álímọ́ńdì á ṣì wà níbẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ nílò ni ti Jijona, ìlú mìíràn ní ẹkùn Alicante kan náà. Wọ́n á yan álímọ́ńdì, wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ oyin, ṣúgà àti funfun ẹyin títí òróró álímọ́ńdì á fi jáde, tí gbogbo rẹ̀ á sì rọ̀. Bẹ́ ẹ bá dá a sọ́wọ́, ìka yín á dán fún òróró.

Nínú gbogbo ohun dídùn Sípéènì, kò sí èyí tó wọ bao tó o. Ìdí ni pé àwọn ará Ṣáínà ní àkìsínú kan tó jọ ọ́ bí ìbejì, ti yànmọ̀tí dúdú: yànmọ̀tí yíyan, ṣúgà àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Hóró olóròóró tí a lọ̀ mọ́ adùn ni àwọn méjèèjì. Mo ń da wọ́n pọ̀ ni. Turrón Jijona 150 gíráàmù, yànmọ̀tí dúdú 80 gíráàmù, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ 40 gíráàmù, ṣúgà 30 gíráàmù, iyọ̀ pínńkín. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kó lo bọ́tà. Yíyan yànmọ̀tí ló ṣòro níbẹ̀, torí ohun tó ti dúdú tẹ́lẹ̀ kì í sọ fúnni nígbà tó bá jó. Ẹ sọ ẹyọ yànmọ̀tí funfun bíi 10 sí i nínú páànù. Bí wọ́n bá ti di àwọ̀ oyin, dúdú náà ti yan. Bẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí èéfín bá yọ, ó ti korò, ẹ dà á nù. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fọwọ́ rún turrón sí i, ẹ po ọ̀rá, ṣúgà àti iyọ̀ mọ́ ọn, kó tutù kó le, kẹ́ ẹ tó ṣù ú.

Bàbá, ẹ bá mi la ọ̀kan nígbà tó ṣì gbóná, kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀. Dúdú ni, ó ń dán, ó sì ń fà. Òórùn yànmọ̀tí ló máa kọ́kọ́ kàn yín, oyin á tẹ̀lé e, álímọ́ńdì ló máa kẹ́yìn lórí ahọ́n. Eyín yín kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

*Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ alásè sọ fún mi pé ṣe là ń ba oúnjẹ ìran méjì jẹ́ pa pọ̀, pé Ṣáínà àti Sípéènì ò pàdé rí. Kí ni kí n dá a lóhùn? — Ọlọ́wọ́ Ìyẹ̀fun*

Ẹ sọ fún un pé wọ́n ti pàdé tipẹ́. Láti 1565 títí di 1815, ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Sípéènì ń lọ ó ń bọ̀ láàárín Manila ní Filipínì àti Acapulco ní Mẹ́síkò. Fàdákà Mẹ́síkò ni wọ́n ń kó lọ sí Manila; aṣọ ṣẹ́dà àti àwo tánganran ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ń kó bọ̀. Àwọn oníṣòwò Ṣáínà kún Manila débi pé ní 1594, gómìnà Sípéènì tó wà níbẹ̀ ya àdúgbò Binondo sọ́tọ̀ fún àwọn tó ti di onígbàgbọ́ nínú wọn. Binondo wà níbẹ̀ di òní. Títí di ìsinsìnyí, bao ni àwọn ará Filipínì ń jẹ lójú pópó, siopao ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Fujian ní Ṣáínà. Lórí àtẹ kan náà, ẹ ó bá ensaymada, búrẹ́dì aládùn tó ti Mallorca, erékùṣù Sípéènì kan, wá, tó sì gba orúkọ rẹ̀ lára *saïm*, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ lédè ìlú yẹn.

Ẹ kíyè sí ọ̀rá yẹn. Òun ló wà nínú yànmọ̀tí àwọn ará Ṣáínà, òun náà ló wà nínú mantecado, bísíkíìtì ọlọ́ràá tí wọ́n ń ṣe ní Estepa, ní ẹkùn Sevilla ní Sípéènì, fún Kérésìmesì. Pupa ẹyin náà ńkọ́? Orí rẹ̀ ni kọ́sítáàdì ìran méjèèjì dúró lé. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ dá bao tuntun, mo máa ń wá ohun tí àwọn méjèèjì ti ní nílé kí n tó ronú kan ohun tó yà wọ́n. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ti jẹ bao tí wọ́n da sáfúrónì, ṣokoléètì, omi òdòdó ọsàn àti ẹ̀wà pupa pọ̀ sínú rẹ̀, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé ìyẹn bàjẹ́. Ẹyọ ohun kan láti ibí, ẹyọ kan láti ọ̀hún, ó tó.

Kó tó ní wọn ò bá ara mu, ẹ fún un ní ọ̀kan yìí jẹ: kọ́sítáàdì tí mo júwe fún Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ fi pupa ẹyin pẹ́pẹ́yẹ oníyọ̀ méjì kún un, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe liu sha bao, bao tí kọ́sítáàdì inú rẹ̀ máa ń ṣàn. Ẹ se pupa ẹyin oníyọ̀ náà lórí ooru fún ìṣẹ́jú 10, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ pò ó mọ́ ọn pẹ̀lú bọ́tà. Iyọ̀ ẹyin náà máa ń gbé lẹ́mọ́ọ̀nù àti sínámọ́nì sókè bí ẹni gbé ọmọ séjìká. Bí mo bá máa jẹ ẹyọ bao kan péré láyé mi mọ́, òun ni mo máa mú.

*Membrillo ńkọ́, mà? — Ọmọ Alásè*

Membrillo, èso quince tí àwọn ará Sípéènì ń sè mọ́ ṣúgà títí á fi le, dáa gan-an. Ó jọ shanzha, èso kíkan pupa tí àwọn ará Ṣáínà ń sè di líle tí wọ́n sì ń gé jẹ. Ẹ gé e ní 15 gíráàmù, ẹ fi wàràkàṣì Manchego ti Sípéènì 10 gíráàmù tì í, ẹ dì í. Membrillo kì í ṣàn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bao dídì lè bẹ̀rẹ̀ látorí rẹ̀.

*Mo fẹ́ ṣe 60 fún àlejò, ọwọ́ mi nìkan sì ni. Ṣé mo lè ṣe é sílẹ̀? — Ìyá Ọlọ́mọge*

Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ sè é jinná kẹ́ ẹ tó gbé e sínú fìrísà. Yíìsì inú bao tútù kì í dúró déédéé. Kó tutù tán, kẹ́ ẹ tò ó sórí àwo kí wọ́n má fara kan ara wọn, bó bá ti gan, ẹ kó o sínú náílọ́ọ̀nù. Ẹ má yọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Láti inú fìrísà tààrà ni kó ti bọ́ sórí ooru omi, ìṣẹ́jú 10 fún ti turrón, 12 fún ti kọ́sítáàdì, kẹ́ ẹ sì la ọ̀kan wò láàárín kẹ́ ẹ tó gbé ìyókù fún àlejò.